Yánníbo Ò Lọ Síbì Kankan

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lérí Alákàn tí kò lórí, ó dá lérí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lérí gbogbo ẹranko etí òkun Ìbẹ̀jú-Lékkí, nígbà tí èrò pọ̀ lágbo tí ọ̀rọ̀ sì wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ èbúté Lékkí, àwọn ẹranko tí ń gbé láàárín Akodo àti Idasho máa ń pàdé nídìí iná lábẹ́ igi àgbọn ní gbogbo alẹ́ tí òṣùpá bá yọ. Wọn ò pọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ níbẹ̀, Ewúrẹ́ ń bẹ níbẹ̀, Ìgbín ń bọ̀ lọ́nà, àná ló ti gbéra. Bàbá Ọ̀nì, àgbà Ọ̀sà Lékkí, ló ń darí agbo. Ojú rẹ̀ máa ń dì bí ẹni tó sùn, àmọ́ ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn á rí i pé ojú kan ti là. Wọ́n ní òkòtó ńlá kan tí òkun gbé wá. Ẹni tó bá dì í mú ló lọ́rọ̀ sọ. Tó bá sọ tán, á gbé e fún ẹni tó kàn.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Ewúrẹ́ ìgbà yẹn náà lẹ́jọ́ bíi ti ìsinsìnyí, Òbúkọ sì ti ń rùn nígbà náà. Ohun tó jẹ́ kí agbo wọn tòrò ni pé olúkúlùkù ló mọ ihò tí ẹnì kejì ń sùn sí. Bí o bá parọ́ mọ́ Ìgbín lálẹ́, ẹ ó jọ pàdé nídìí ewé kan náà láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó la òfin kankan sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Òfin tí onílé kò sọ jáde, kí ni àlejò yóò fi gbọ́ ọ?

Ní 2007, àwọn ènìyàn tọwọ́ bọ̀wé lórí ilẹ̀ náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lápá kan, àwọn ìlú tí wọ́n ni ilẹ̀ lápá kejì, kí agbègbè òwò òmìnira Lékkí lè dúró. Wọn ò bi ẹranko kankan. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ dé. Wọ́n fa yanrìn nísàlẹ̀ òkun títí omi fi jìn tó mítà 16.5, ìjìn tí èbúté Àpápá kò ní. Wọ́n to òkúta ràbàtà-ràbàtà wọnú òkun, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀, kí ìgbì má bàa máa gbá ọkọ̀ kiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, ọkọ̀ akẹ́rù CMA CGM Rabelais gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí èbúté náà.

Láti ìgbà náà ni agbo àwọn ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn èkúté ọkọ̀ gba orí okùn sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn gbọ́ èdè Ṣáínà, òmíràn gbọ́ Faransé. Ọmọńlé tí wọ́n tì mọ́ kọ̀ńténà láti òkè òkun jáde, ó ń wò bọ̀ọ̀. Lékeléke tẹ̀ lé màlúù dé láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Àwọn ajá ẹ̀sìtéètì wá láti Ajah, ìgbànú aláwọ̀ lọ́rùn wọn. Ọ̀bọ kan tilẹ̀ ti ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lékkí ní 1990 wá. Kámẹ́rà àwọn olùbẹ̀wò ti bà á jẹ́ pátápátá, kò lè sọ gbólóhùn kan kó má kọ́kọ́ yí ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára síta.

Kí òkòtó tó yí agbo ká, ilẹ̀ á ti mọ́. Bàbá Ọ̀nì la ojú kan, ó la èkejì, kò rí ẹ̀yìn agbo.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Ẹ jẹ́ ká sé ọ̀nà! Èmi lọmọ onílẹ̀, orí igi àgbọn yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Àlejò tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó san owó ìdúró, kó san owó ìjókòó, kó tún san owó ìlanu."

Lékeléke ní, "Ta ni yóò san án? Ṣebí agbègbè òmìnira ni wọ́n pe ibí? Kí oníkálukú máa sọ ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu."

Ìjàpá wá dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọ̀nì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ (kò kúkú jìnnà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀). "Bàbá, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dùn mọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa ju ìkarahun sí i. Ẹni tí ìkarahun rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò sún mọ́ iná lọ́jọ́ kejì, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Agbo fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣa ọ̀rọ̀ gidi."

Ó dùn létí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni yóò máa ta ìkarahun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ìjàpá ti pàtẹ. Òkìtì ìkarahun ìsáwùrú nìyí, òkìtì ti ìgbín nìyẹn. Ẹni tó bá sì sanwó lé e, Ìjàpá á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn agbo, wọ́n á máa ju ìkarahun sí onítọ̀hún látinú òkùnkùn bí ẹni pé gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ ohun tó ń pa ìkarahun wọlé. Ewúrẹ́ ló ń ṣáájú lójoojúmọ́: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olóore mi. Ẹni tó bá sọ àdúrà yìí fún ẹranko méje kí ọ̀sán tó pọ́n, koríko tútù ni tirẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró, kó má bi mí léèrè ohun tójú rẹ̀ bá rí." Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò lórí WhatsApp, èyí tí ó ń gba èrò 256 tẹ́lẹ̀ kó tó di 1,024 ní 2022, ẹ mọ Ewúrẹ́ mi yìí dáadáa, ó ti kí yín láàárọ̀ yìí. Ajá kan láti Ajah ní kí wọ́n fi egungun kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ òun, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀bọ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn yí ìdí sí agbo, ìkarahun sì ń rọ̀ lé e lórí.

Ti Lékeléke ló dùn mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé àwọn tírélà tó ń tò lójú ọ̀nà Eleko ń da epo sí koríko, kòkòrò sì ń kú. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ìkarahun mẹ́rin ló pa. Lọ́jọ́ kejì, ó bú ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n da ọgọ́ta lù ú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò mẹ́nu ba tírélà mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, Alákàn ń wọn ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ihò rẹ̀ wà ní apá ìlà oòrùn ògiri òkúta. Láràárọ̀ ni yóò jáde, yóò ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ihò dé etí omi. Nígbà tó kọ́kọ́ kà á, ogójì ni. Nígbà tí òṣùpá mìíràn lé, ó di méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀kẹta lé, kò pé ogún mọ́. Alákàn kò lórí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í sùn. Ó lọ to ẹ̀yìn àwọn tó ń dúró de òkòtó. Alẹ́ mẹ́ta ló fi tò, nítorí kò ní ìkarahun tí yóò fi ra àyè iwájú. Nígbà tí òkòtó kàn án, ó fi orin bẹnu, ó ní kí wọ́n bá òun gbè é:

Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ o,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*
Mo tún wọ̀n ọ́n lálẹ́ o,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*
Ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*
Òkúta dá a dúró lọ́nà,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*
Tiwa la ó máa jẹ tán o,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*
Ẹ jẹ́ á gbẹ́yin Àwùn kúrò létí omi,
*Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, yanrìn ń lọ.*

Alákàn mọ ohun tó ń wí. Ní etí òkun wa yìí, ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń gbé yanrìn bọ̀, ìlà oòrùn ló ń gbé e lọ, tọ̀sán tòru. Ohunkóhun tí a bá nà wọnú òkun yóò dá yanrìn dúró sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀; ebi yóò sì máa pa apá kejì. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté Èkó. Bar Beach, tí ó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn sì fi ń da yanrìn sí i tí òkun ń kó o. Ibẹ̀ ni bàbá bàbá Alákàn ti ṣí wá.

Bó ti fẹ́ máa ṣàlàyé gbogbo èyí, agbo ti ń yán. Ìkarahun mẹ́ta ló rí gbà. Ọ̀kan nínú rẹ̀, Ọ̀bọ ni wọ́n jù ú sí, ó ṣì í.

Ayékòótọ́ wà lẹ́yìn pátápátá ní tirẹ̀, níbi tí ariwo ti pọ̀. Orin náà dé etí rẹ̀ ní àbọ̀. Ohun tó gbọ́ ni, "Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, Yánníbo ń lọ."

Ó figbe ta. "Háà! Yánníbo ń lọ!"

"Yánníbo aya Ìjàpá? Lọ síbo?"

Kò mọ̀. Àmọ́ ẹnì kan rántí pé èkúté tó ń sọ Faransé kí Yánníbo nírọ̀lẹ́, Yánníbo sì dá a lóhùn. Ó ti tó. Kí òṣùpá tó wọ̀, wọ́n ti ní ọkọ̀ ni yóò bá lọ. Kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ti rí ẹrù rẹ̀ létí èbúté. Adìyẹ búra pé ojú òun báyìí lòun fi rí i lóru, Adìyẹ tí kì í ríran bí ilẹ̀ bá ti ṣú!

Gbogbo agbo wá gbé orin. Ẹni tí kò lanu láti ọjọ́ tó ti dé, ó ń gbè: *Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, Yánníbo ń lọ!* Ìkarahun ń fò lókè bí eṣú. Ìjàpá ń tà, ó ń gbowó, ó ń jó, ó ń mi ọrùn. Ìpele kẹfà orin náà ló tó fetí sí ohun tí wọ́n ń kọ.

Ó da àtẹ rẹ̀ nù, ó kọjú ìjà sí Èkúté. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ti wí: àlejò ti gba ilẹ̀, ìyàwó ló kù. Àwọn ẹni tuntun ní àwọn onílẹ̀ ń bú àwọn. Alákàn ń na ẹ̀mú rẹ̀ sókè, ó ń pariwo, "Yanrìn ni mo wí! Yanrìn!" Wọ́n ní ó ń bo Yánníbo láṣìírí. Ajá bi í pé èló ni àwọn èkúté fún un. Bàbá Ọ̀nì tó ti ń sùn jí, ó gbá ìrù mọ́lẹ̀, ó lé ẹni mẹ́ta jáde láìwádìí. Méjì nínú wọn kò sọ̀rọ̀ lágbo rí. Àwọn tó ṣẹ́ kù bínú sí i, wọ́n lọ dá iná tiwọn sí òdìkejì, wọ́n sì ń bá ìjà náà lọ láti ọ̀hún.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, òkun ru. Kò pariwo ju tiwọn lọ, nítorí náà wọn ò gbọ́. Omi kọ́kọ́ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ewúrẹ́, ó rò pé Ajá ló tọ̀ sóun lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Nígbà tí iná kú fìì, ni wọ́n tó mọ̀. Òkun gba gbogbo ìkarahun Ìjàpá padà, ó ṣe tán, òun ló ni ín. Ó kó ihò Alákàn lọ. Ó kó ẹyin Ìyá Àwùn, àwùn inú òkun tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá yé sí etíkun yẹn, tó sì ti fa ẹyin náà lé gbogbo agbo lọ́wọ́.

Láàárọ̀, Ìyá Àwùn wọ́ wá sí èbúté. Ó wo ibi tó yé sí.

"Ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé omi ń bọ̀ ni?"

Wọ́n dákẹ́. Ìgbín ló dáhùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. "Wọ́n sọ fún wa, ìyá."

"Ta ló sọ?"

"Alákàn. Orin ló fi kọ."

"Ẹ sì gbọ́ orin náà?"

Ìgbín fi ojú pamọ́ sínú ìkarahun. "A gbè é, ìyá."

Ibẹ̀ ni Yánníbo ti yọ. Ó di ìró, ó wé gèlè, kò gbé ẹrù kankan lọ́wọ́. Ó kí Bàbá Ọ̀nì, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àwùn kú àjálù. Ó wá kọjú sí agbo.

"Èmi ni Yánníbo tí ń lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ fi jẹ orúkọ mi lẹ́nu, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn mi. Ìwọ ọkọ mi, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn! Ayékòótọ́, wá níbí. Kí ni Alákàn wí?"

"Ó ní Yánníbo ń lọ."

"Alákàn, ṣé ohun tí o wí nìyẹn?"

"Rárá o."

"Tún un wí fún un. Ayékòótọ́, ìwọ náà tún un wí fún òun, títí yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Ayékòótọ́ gbìyànjú kí Alákàn tó mirí (ẹ má bi mí pé orí wo). Ó kan Ewúrẹ́, Ewúrẹ́ fi àdúrà bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n ní kó padà bẹ̀rẹ̀. Ó kan Ọ̀bọ, Ọ̀bọ wá mọ̀ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ tí òun ti dé. Oòrùn ti ga nígbà tó kan èkúté tó ń sọ Faransé. Ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bú sẹ́kún.

"Ohun tó ṣe wá nílé nìyí. Lomé ni mo ti wá. Wọ́n ṣí èbúté wa ní 1968, òkun sì ń jẹ etíkun wa láti ìlà oòrùn rẹ̀ títí dé ọ̀nà Aného. Àwọn èkúté Kútọnu náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ìlà oòrùn èbúté tiwọn náà ń jẹ. Àwọn àgbà wa kì í bímọ sí ìlà oòrùn ògiri òkúta. Ìwọ̀ oòrùn ni yanrìn ń kó jọ sí."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?" Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bi í.

"Èló ni owó ìlanu?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dáhùn.

Yánníbo ló tún agbo náà tò. Iná ńlá kan ṣoṣo di iná kéékèèké, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ẹni tuntun yóò jókòó ti ẹni tó mú un wá, etí nìkan ni yóò lò títí òṣùpá kan yóò fi wọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò sí owó ìlanu fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fèsì, kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fèsì fún padà, títí onítọ̀hún yóò fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí iná kọ̀ọ̀kan bá fẹnu kò sí, ẹnì kan ni yóò gbé e lọ fún àwọn yòókù. Olùṣọ́ iná sì ń yí padà lóṣooṣù. Ìjà tí apá iná kan kò bá ká nìkan ni wọ́n ń gbé dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀nì, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni kó tó lé e. Wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀ sára igi àgbọn níbi tí àlejò ń gbà wọlé. Ní ti ìkarahun, wọ́n ní kí ìsáwùrú máa gbé inú rẹ̀.

N kò ní tàn yín, kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lékeléke bá màlúù lọ. Ọ̀bọ padà sídìí kámẹ́rà rẹ̀. Ìjà mìíràn kú sí ẹnu àdápadà, nítorí àwọn méjèèjì rí i pé ohun kan náà làwọn ń wí. Òmíràn sì le sí i, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń sọ lálaalẹ́ pé ibẹ̀ dùn ju báyìí lọ nígbà tí àwọn ò tíì pọ̀. Lálaalẹ́ náà ni Ọmọńlé kan láti inú kọ̀ńténà ń dá a padà fún un, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí Ìyá Àwùn tún padà dé, wọ́n mú un gba ẹ̀yìn ògiri òkúta lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sórí yanrìn tó ga. Èkúté ará Lomé ló ṣáájú, Alákàn ń wọ̀n ọ́n bọ̀ lẹ́yìn.

Ìjàpá ti kó àtẹ rẹ̀ lọ sí ìkóríta Eleko, láàárín àwọn tírélà. Ìkarahun tuntun ló ń tà níbẹ̀ báyìí, ó kùn ún ní pupa kí ó lè wọni lójú. Ẹ̀yin ará mi, bí ó bá na ọ̀kan sí yín pé kí ẹ jù ú sí ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ ní kó sọ ohun tí onítọ̀hún wí fún yín.